Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìjàpá

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìfẹ́ ò mọ ọ̀nà jíjìn, ẹ bi í bóyá ó ti wọ ọkọ̀ rí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Mo kàn mọ aránṣọ kan tí ọ̀nà gba ọkọ mọ́ lọ́wọ́ ni, mo sì mọ ọkọ̀ tí wọ́n fi rin ọ̀nà náà.

Ojú fèrèsé ni wọ́n ti pàdé. Ìjì kan ló fọ́ fèrèsé iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yìí, onílé sì lọ wá onígíláàsì kan wá pé kó tún un ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin náà dúró nínú ilé, ó na téèpù rẹ̀ sójú fèrèsé kó lè mọ bí òun ṣe máa gé kọ́tìnì tuntun. Ọkùnrin náà dúró níta, ó na téèpù tirẹ̀ sójú fèrèsé kan náà. Kò sí gíláàsì láàárín wọn, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbára.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, mà. Mélòó lẹ rí?"

Aránṣọ sọ iye tó rí. Ọkùnrin náà mi orí.

"Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ tún un wọ̀n, sà. Bóyá téèpù yín ti gbó."

"Téèpù mi ò gbó. Ẹ̀yin lẹ wọn ògiri mọ́ ọn."

"Kọ́tìnì gbọ́dọ̀ bo ògiri díẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí àwọn ará ìta máa yọjú wò mí ni?"

"Ó dá lórí ẹni tí ará ìta náà bá jẹ́."

Obìnrin náà ká téèpù rẹ̀, ó ní kó kọjú síṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó yí ẹ̀yìn padà, ọkùnrin náà sì ti rí i.

Fèrèsé kan kì í gba onígíláàsì ju àárọ̀ kan lọ. Ti ṣọ́ọ̀bù yìí gbà á tó ọ̀sẹ̀ kan. Lónìí, á ní gọ́ọ̀mù tí òun fi lẹ gíláàsì mọ́ férémù ò tíì gbẹ. Lọ́la, á ní ó ti gbẹ jù. Nígbà tí irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀, ó ra oúnjẹ ọ̀sán fún ẹni méjì, ó jókòó sórí àpótí òwú, ó sì sọ òótọ́.

"Mi ò mọ ohun tí mo tún lè bàjẹ́ lára fèrèsé yìí mọ́. Ṣé mo lè máa wá wò yín lásán?"

"Ẹ máa wá. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan fèrèsé mi mọ́ o."

Aránṣọ yìí ti kúrò lọ́mọdé. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ti lọ sílé ọkọ, òun ló sì rán kọ́tìnì yàrá ìyàwó fún èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá tòun ti kọjá. Ìdí nìyí tí ayọ̀ yìí fi ń dẹ́rù bà á. Á wà nídìí máṣíìnì, á gbọ́ ohùn ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, á sì yára gbójú sókè débi pé abẹ́rẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gún un. Ará ìlú míì ni ọkùnrin náà. Iṣẹ́ fèrèsé ilé ẹ̀kọ́ tuntun kan ló gbé e wá, tí iṣẹ́ náà bá sì parí, ó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Onígíláàsì ni bàbá náà, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè dá gíláàsì gbé mọ́.

Nígbà tó di pé wọ́n ń pe ara wọn ní "ìwọ," tí ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, ọkùnrin náà ní òun fẹ́ rí Màmá, ìyá aránṣọ.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló sì bí. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òpópónà kan sí ṣọ́ọ̀bù. Orí àtẹ̀gùn ilé yẹn náà ni Màmá ti ṣubú, láti ìgbà náà ni egungun ìbàdí rẹ̀ ò ti jẹ́ kó jókòó pẹ́. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí àga gígùn, ó wo onígíláàsì láti orí dé ẹsẹ̀ bí ìgbà tó ń wo ọmọ tuntun.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ló wí. "Mo ti rí i. Ara ẹ mọ́, o ò sì pariwo. Níbo nilé yín wà?"

Ọkùnrin náà dárúkọ ìlú rẹ̀. Màmá gbójú kúrò lára rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ó jìnnà."

"Kò jìnnà púpọ̀, mà."

"Gbogbo ẹni tó bá ń wá ọmọ ọlọ́mọ ló máa ń sọ pé kò jìnnà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni aránṣọ wí.

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n gbé mi lọ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan tó jìnnà. Wọ́n ránṣẹ́ pé ara ìyá mi ò yá. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀. Ìgbà tí mo délé, wọ́n nawọ́ sí ebè kan, wọ́n ní, 'Ìyá ẹ nìyẹn.' Èmi tí aboyún kan ò dúró dè mí rí, mo pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Mi ò ní kí ọmọ mi má lọ́kọ. Kó ṣáà lọ́kọ síbi tí mo bá pè é tó máa jẹ́ mi."

"Mà, ǹ bá kó wá síbí. Ṣùgbọ́n bàbá mi náà, èmi nìkan ló bí."

"Mo mọ̀. Ọkùnrin tó bá sì fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀ torí ọmọ mi, irú ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ fún lọ́mọ."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe há. Màmá ò bú ẹnikẹ́ni, kò lé ẹnikẹ́ni jáde, ó tún ní kí wọ́n po tíì fún àlejò. Ì bá sàn kó bú u. Èèyàn lè bínú sí ẹni tó ń búni.

Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ parí, onígíláàsì padà sílé. Orí fóònù ni wọ́n ń gbé ìfẹ́ lé. Aránṣọ á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á sì sunkún lẹ́yìn tí ohùn náà bá lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohùn náà ò ní dún mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni Àǹtí Onídìrí, àbúrò Màmá. Ẹnu obìnrin yìí kì í sinmi, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í sinmi lórí irun.

"Ìyá ẹ ò gba ọkùnrin náà gbọ́, kò sì gba ìwọ náà gbọ́," ni Àǹtí wí, ó ń yọ òyà lórí oníbàárà. "Ojú ara ẹ̀ ló gbà gbọ́. Ẹ gbé e débẹ̀, kó fojú ara ẹ̀ rí i pé kì í ṣe òpin ayé."

"Àǹtí, kò sí bọ́ọ̀sì tó lọ tààrà. Ẹni tó bá ń lọ á wọ mẹ́ta, á máa sùn sí gáréèjì. Màmá tí kò lè jókòó tó wákàtí kan?"

"Ta ló ní kó jókòó? Ẹ gbé e lọ ní ìdùbúlẹ̀."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣe dé. Oníbàárà tó wà lórí àga ló sọ fún wọn pé bàbá kan wà lẹ́yìn ìlú tó ń fi ọkọ̀ háyà fáwọn arìnrìn-àjò, ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ibi ìdáná nínú. Onígíláàsì bá ọkọ̀ akẹ́rù wá, òun àti aránṣọ sì jọ lọ sí àgbàlá bàbá náà. Àwọn ọkọ̀ tuntun wà níwájú, wọ́n ń dán, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n àti ibi ìwẹ̀. Owó háyà wọn nìkan tó ohun téèyàn máa fi ṣègbéyàwó. Wọ́n rìn kọjá wọn bí ẹni tí kò rí wọn. Lẹ́yìn pátápátá ni ọkọ̀ kan wà tí àwọ̀ ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, sítóòfù kékeré kan wà níbẹ̀, tábìlì kan náà wà tó ṣeé tẹ́ sílẹ̀ kó di ibùsùn ẹnì kan.

"Ìjàpá là ń pe èyí," ni Bàbá Ọlọ́kọ̀ wí. "Ó gbé ilé ẹ̀ sẹ́yìn."

"Ṣé ó lè dé ibi tí à ń lọ, sà?" ni aránṣọ bi í.

"Ìgbà wo ni Ìjàpá ò dé ibi tó ń lọ? Ẹ má ṣáà fi ipá lò ó."

Wọ́n gbà á. Aránṣọ rán kọ́tìnì tuntun sáwọn fèrèsé rẹ̀ kéékèèké, ó fi èyí tó ní òdòdó síbi tí ojú Màmá máa wà. Onígíláàsì lẹ gbogbo gíláàsì rẹ̀ mọ́ férémù kó má baà máa gbọ̀n. Wọ́n ṣe é bí ẹni tó ń tún yàrá ìyàwó ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, wọn ò fọwọ́ kanra, wọ́n kàn ń wò ó.

"Tí Màmá bá gbà, a máa ra irú ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí.

"Má tíì sọ ọ́," ni aránṣọ wí. Ẹ̀rù ń bà á.

Ọjọ́ tí wọ́n gbéra, inú Màmá dùn. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé olódòdó, ó ní òun ti di olorì. Wọn ò tíì kúrò nígboro dáadáa tó fi ní òun fẹ́ omi tútù, kí aránṣọ sọ̀ kalẹ̀ lọ rà á. Nígbà tó dé pẹ̀lú omi, Màmá ń fi áńkáṣífù nu ojú. Onígíláàsì jókòó síwájú, ó kọ ojú sọ́nà, kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n tẹ̀ síwájú.

Láti ibẹ̀ ni Ìjàpá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá wọn, bọ́ọ̀sì ń kọjá wọn, alùpùpù tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì náà kọjá wọn. Tí wọ́n bá rí kòtò, ọkọ̀ á dúró pátápátá kó tó rọra sọ̀ sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá dé ìdí òkè, onígíláàsì á ní kí wọ́n sinmi.

"Ṣé kò lè sáré ju báyìí lọ ni?" ni aránṣọ bi í.

"Ìjàpá ni," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Ṣé o ti rí Ìjàpá tó ń sáré rí?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀yìn ilé epo ni wọ́n ń sùn, wọ́n ń po tíì lórí sítóòfù, wọ́n ń fún Màmá lóògùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń dín kù lẹ́nu Màmá. Á kàn bi wọ́n pé, "Ṣé ó kù púpọ̀?" Onígíláàsì á ní, "Ó kù díẹ̀, mà." Aránṣọ á wo orí ọ̀nà tó ń lọ láìlópin, á sì gbàdúrà pé kí ìlú yìí sún mọ́ wọn díẹ̀. Ó ń rí i pé ọ̀nà yìí ń jẹ́rìí takò òun, kò sì sí ohun tóun lè ṣe láti pa á lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dé. Bàbá onígíláàsì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi yàrá tirẹ̀ fún Màmá, òun lọ sùn sí ṣọ́ọ̀bù láàárín gíláàsì. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n mú, ó sì dúpẹ́. Kò sí ẹni tó ṣe nǹkan tí kò dáa. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá pe ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ní kó ti ilẹ̀kùn.

"O rí ọ̀nà?"

"Mo rí i, mà."

"Bí wọ́n bá pè ọ́ pé mò ń kú lọ, ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n á ti sin mí. Ebè ni wọ́n máa fi hàn ọ́."

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ní kó o má fẹ́ ẹ. Ọmọ gidi ni, bàbá ẹ̀ náà sì dáa. O ti dàgbà, ìwọ fúnra ẹ ni kó o rò ó." Ó yí ojú sí ògiri. "Mo ti rò tèmi."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní kó o má lọ, o lè bá a jiyàn. Ẹni tó bá yí ojú sí ògiri ńkọ́?

Bí wọ́n ṣe wọ́ lọ náà ni wọ́n ṣe wọ́ padà. Nígbà tí wọ́n ti gbé Màmá gòkè àtẹ̀gùn tán, àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjàpá nísàlẹ̀.

"Mi ò lè ṣe é," ni aránṣọ wí.

Ọkùnrin náà di etí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Ọ̀nà yẹn kì í rí báyẹn nígbà gbogbo."

"Ṣé mi ò sí nínú ọkọ̀ ni? Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

"O wà níbẹ̀."

"Tó o bá fẹ́ mi lóòótọ́, ò bá ti wá ọkọ̀ tó ń rìn! Ò bá ti tẹná mọ́ ọn! Alùpùpù ń kọjá wa, o kàn jókòó síbẹ̀ ò ń fi mí ṣàwàdà. Sọ nǹkan kan!"

Ọkùnrin náà ya ẹnu, ó sì pa á dé. Ó wo òkè, síbi fèrèsé yàrá Màmá.

"Mi ò ní nǹkan tí mo lè sọ," ló wí.

Aránṣọ rò pé ọ̀rọ̀ náà ti sú u ni, pé òun náà ti rí bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní kó máa lọ, ó sì lọ. Ó pè é lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, aránṣọ ò gbé e. Ìpè náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dá. Nígbà tí agídí wá tán lára obìnrin náà, tó gbé fóònù láti pè é, wọ́n ní nọ́ńbà náà ò sí mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Aránṣọ ń tọ́jú ìyá rẹ̀, ó ń rán kọ́tìnì fáwọn ìyàwó tuntun. Ó kọ́ ọkọ̀ wíwà kó lè máa gbé iṣẹ́ lọ fáwọn oníbàárà. Àwọn ọkùnrin kan wá, wọ́n sì lọ. Ó máa ń fi ìka tọ́ gọ́ọ̀mù tó gbẹ sétí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àtàǹpàkò onígíláàsì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò bínú sí Màmá. Kò lágbára ìbínú. Ó kàn dà bíi pé wọ́n ti pa iná inú rẹ̀, wọ́n sì gbàgbé láti tún un tàn. Màmá á máa wò ó nígbà míì bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan, á sì wá ní kó bá òun sún ìrọ̀rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń ṣẹ́ etí kọ́tìnì lọ́wọ́, ará ilé wọn kan sáré wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá ẹ ń pè ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tóun fẹ́ bá ọ sọ. Ṣe kíá."

Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré la òpópónà kọjá láìwọ bàtà, ó ń gun àtẹ̀gùn ní méjì-méjì. Màmá ti lọ. Ara rẹ̀ ṣì gbóná, ẹnu rẹ̀ ṣì la sílẹ̀ díẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òpópónà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, òun náà sì pẹ́. Gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ nítorí kó má baà pẹ́, ó fi sílẹ̀ lásán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí àwọn aráalé ti tú ká, ó sọ fún Àǹtí pé òun fẹ́ lọ sọ́dọ̀ onígíláàsì.

"Pè é ná."

"Nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́."

"Ọmọ mi, ọkùnrin kì í ṣe aṣọ téèyàn sá sórí okùn, tó máa wà níbẹ̀ títí téèyàn fi máa rántí kó o."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó síbí mọ́."

Àǹtí fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì gbé e mì. Àwọn ará ilé yìí mọ ọ̀rọ̀ gbé mì jù.

Ìjàpá ṣì wà lẹ́yìn àgbàlá Bàbá Ọlọ́kọ̀. Kọ́tìnì tí aránṣọ rán sí i ti ṣá, òdòdó ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́.

"Ṣé ẹ ti pààrọ̀ íńjìnnì ẹ̀, sà?"

"Ká pààrọ̀ kẹ̀? Íńjìnnì tí mo bá rà á náà ni. Ẹ má ṣáà fi ipá lò ó."

Ó gbé aṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó fi okùn de máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹni tó bá gbé máṣíìnì dání ò lọ kí èèyàn, ó lọ gbé ibẹ̀ ni. Ó fẹ́ dúró níwájú ọkùnrin náà, kó ní, "Mo ti dé. Kò sí ẹni tó tún lè pè mí padà." Ó múra sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ra omi, ó ra búrẹ́dì, ó gbéra láàárọ̀.

Nígbà tó jáde nígboro, ó rọra tẹ iná. Ìjàpá sáré. Ó rò pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, pé ọkọ̀ ń yí lọ fúnra rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ náà tún sáré, láìsí ariwo, láìsí èéfín. Ó kọjá ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ó dé ìdí òkè tí wọ́n ti sinmi fún ọ̀pọ̀ wákàtí nígbà yẹn, ó fà á sí jíà kejì, Ìjàpá sì gùn ún dókè bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tó fi kọjá ilé epo tí wọ́n ti sùn lóru àkọ́kọ́. Nígbà tó rí ilé epo kejì, oòrùn ṣì wà lókè. Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa íńjìnnì, ó pe Àǹtí.

"Àǹtí, ọkọ̀ yìí ń sáré."

Ó gbọ́ tí Àǹtí gbé òyà kalẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ọkọ̀ yìí ń sáré. Nǹkan kan ò ṣe é. Kí ló dé tó fi ń wọ́ nígbà yẹn?"

"Ìyá ẹ ló bẹ̀ ẹ́," ni Àǹtí wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ìrora ti mú un kẹ́ ẹ tó jáde nígboro. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá bọ́ sí, inú egungun ẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ó rán ọ lọ ra omi, ó wá bẹ ọkùnrin náà pé kó máa rọra wà á. Ó mú kó búra pé kò ní sọ fún ọ."

"Kí ló dé tí kò fẹ́ kí n mọ̀?"

"Ò bá ní kẹ́ ẹ padà. Ó sì fẹ́ débẹ̀. Lóòótọ́ ló fẹ́ rí ilé ọkùnrin náà."

"Ó wá ní ọ̀nà jìn. Àǹtí, òun ló ní ká rọra, ó tún wá ní ọ̀nà jìn!"

"Mo bi í. Ó ní òun ò parọ́ fún ọ, pé bí ọ̀nà ṣe jìn fún òun nìyẹn." Àǹtí ń sunkún. "Ó fẹ́ sọ fún ọ, ọmọ mi. Ojoojúmọ́ ló ń ní òun máa sọ ọ́. Tó bá ti rí ojú ẹ, ẹ̀rù á bà á."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ba èmi náà."

Aránṣọ gbé fóònù kalẹ̀. Ó rántí áńkáṣífù ọwọ́ Màmá. Ó rántí ọkùnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, bó ṣe ya ẹnu tó sì wo fèrèsé òkè. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á là, ó sì gbé e mì nítorí ìyá tí kì í ṣe ìyá tirẹ̀. Òun aránṣọ sì bú u fún un. Ó fi orí lé ìdarí ọkọ̀, ó sunkún débi pé ọkùnrin ilé epo wá kan gíláàsì pé ṣé kò sí o. Ó ní kò sí. Ó ṣí iná ọkọ̀, ó tẹ̀ síwájú. Ó sùn díẹ̀ lọ́nà, ó sì wọ ìlú náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà níbi tó wà. Obìnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń fi ìwé ìròyìn nu gíláàsì, ọmọ kékeré kan di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ojú ọmọ náà ni aránṣọ kọ́kọ́ rí. Kò sí ìdí fún un láti bi ẹnikẹ́ni léèrè ọmọ ta ni. Ì bá yí ọkọ̀ padà, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ṣé gíláàsì ọkọ̀ ló fọ́?"

"Rárá o. Mo wá kí onígíláàsì ni."

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Bàbá wọn! Ẹ ní àlejò!"

Ọkùnrin náà jáde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́. Ó rí i, ó sì dúró.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí. "Ẹ" àti "mà" tó fi kí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló tún fi kí i yìí.

"Màmá mi ti lọ," ni aránṣọ wí. "Ẹ gbà á lálejò nígbà kan, mo ní kí n wá sọ fún yín." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó yà á lẹ́nu pé kò gbọ̀n.

"Háà! Màmá!" Ọkùnrin náà rọra jókòó. Àga bàbá rẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aránṣọ ò sì béèrè.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà, ẹ kú ìrọ́jú," ni ìyàwó wí, ó gbé omi wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Àwọn wo nìyí, Bàbá wọn?"

"Mo ṣe fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wọn nígbà kan."

Ó wo ìta bó ṣe ń sọ ọ́. Ó rí Ìjàpá lójú ọ̀nà. Ó rí máṣíìnì tí wọ́n fi okùn dè lẹ́yìn gíláàsì tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀.

"Láti ọ̀hún lẹ ti wá, nínú ọkọ̀ àtijọ́ yẹn?" ni ìyàwó bi í. "Ìgbà wo lẹ kúrò nílé?"

Aránṣọ wo ojú onígíláàsì.

"Àná," ló wí.

Ọkùnrin náà tẹ orí ba. Ó fa téèpù ọwọ́ rẹ̀ jáde díẹ̀, ó jẹ́ kó padà wọlé. Ó ti mọ̀ pé aránṣọ ti mọ ìdí tí òun fi rọra wa ọkọ̀ nígbà yẹn.

"Àná lásán?" Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan. "Gbogbo bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé ó jìnnà! Kò mà wá jìnnà rárá."

"Rárá," ni aránṣọ wí. "Kò jìnnà."